Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Ọ̀dà Ọkọ̀, Dídán àti Ìrántí nínú Fíìmù Christine (1983) àti Cars (2006)

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí fíìmù méjì láti Amẹ́ríkà gbà mú kí ọ̀dà ara ọkọ̀ jọ ojúlówó lójú òǹwòran. Àwọn fíìmù náà ni Christine (1983), tí John Carpenter darí, àti Cars (2006), tí John Lasseter darí. Ti àkọ́kọ́ lo ọkọ̀ gidi àti ayédèrú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun-èlò eré. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe gbogbo àwòrán ti èkejì. Èrò Yorùbá nípa dídán, jíjọra, àwòrán àti ìwà ni iṣẹ́ yìí fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé dídán nìkan kò lè sọ ọ̀dà di ojúlówó. Ibi tí ọkọ̀ wà àti ohun tí ó ti là kọjá gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn onímọ̀ iṣẹ́-ọnà Yorùbá má ṣe ka dídán sí ọ̀rọ̀ ojú-ara lásán mọ́, kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ìrántí.

Ìfáárà

Nínú ohun gbogbo tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń ṣe ayédèrú rẹ̀, díẹ̀ ni ó ṣòro tó ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí kò rí iwin rí kò lè bá ayàwòrán jiyàn lórí bí awọ ara iwin ṣe rí, ṣùgbọ́n kò sí ará ìgboro tí kì í rí mọ́tò lójoojúmọ́. Ó mọ bí òòrùn ṣe ń tàn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ àti èyí tí eruku bò, ó sì mọ ibi tí páńẹ́ẹ̀lì ti fara gbún nǹkan tí wọ́n tún un kùn. Bí àwòrán orí kọ̀ǹpútà bá kùnà níhìn-ín, ojú rẹ̀ yóò sọ fún un kíákíá pé irọ́ ni, kódà bí kò bá lè sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Nínú ìṣelámèyítọ́ fíìmù lédè Yorùbá, àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá, ìlò èdè àti kókó-ọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ojú-àwòrán fúnra rẹ̀, ìyẹn bí nǹkan ṣe tàn, bí ó ṣe ṣókùnkùn, bí ó ṣe gbó tàbí bí ó ṣe dán, ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìpínṣẹ́ báyìí kò bójú mu ní àkókò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ìdá ńlá nínú ohun tí òǹwòran ń rí. Ẹ̀dá-ìtàn lè wà tí ó jẹ́ pé ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ni ìwà rẹ̀ ti hàn. Irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Christine, irú rẹ̀ náà sì ni Mater nínú Cars. Lámèyítọ́ tí kò bá lè ka ọ̀dà kò lè ka ìtàn wọn.

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí dáhùn. Èkíní, kí ni ó ń sọ ọ̀dà ọkọ̀ di ojúlówó nínú fíìmù? Èkejì, ǹjẹ́ àwọn òṣùwọ̀n tí Yorùbá fi ń wo ère lè ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan báyìí láìjẹ́ pé wọ́n kàn lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lára? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni yóò sọ bóyá ohun àlùmọ́ọ́nì fún ìrònú ni àwọn èrò náà tàbí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó sí ilé àkójọ nǹkan àtijọ́.

Dídán, jíjọra àti àwòrán: òṣùwọ̀n iṣẹ́ yìí

Ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìṣelámèyítọ́ iṣẹ́-ọnà láàrin àwọn Yorùbá. Láti ẹnu àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ṣa àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ère. Mẹ́ta nínú wọn kan iṣẹ́ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Àkọ́kọ́ ni jíjọra: ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ẹnì kan pàtó jù, agbedeméjì ni ó yẹ kí ó dúró sí. Èkejì ni dídán: kí ojú ère jọ̀lọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dọ́: kí ère gbé ènìyàn yọ ní ìgbà tí agbára rẹ̀ ṣì pé, kì í ṣe ní ìgbà ọmọ-ọwọ́ tàbí ìgbà ogbó.

Wàhálà àkójọ báyìí ni pé ó rọrùn láti sọ ọ́ di ìwé ìdíwọ̀n, kí lámèyítọ́ máa fi àmì sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ka iye rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Babátúndé Lawal, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 2001 lórí àwòrán, tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ à-wò-rántí, ohun tí ènìyàn ń wò láti fi rántí. Ohùn nìkan ni ó ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára awòran, ẹni tí ń wò ó. Rowland Abíọ́dún ní tirẹ̀ ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà pé kò sí bí a ṣe lè mọ ẹwà láìmọ ìwà, nítorí pé ìwà lẹwà. Òun náà ni ó ṣe àtúnyẹ̀wò àkó, ère tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ọ̀wọ̀ fún ìsìnkú ẹ̀ẹ̀kejì. Àkó kì í dúró sí agbedeméjì: ó gbọ́dọ̀ jọ olóògbé gan-an, wọ́n sì máa ń wọ aṣọ olóògbé fún un kí wọ́n tó gbé e káàkiri ìlú. Ìdí tí jíjọra fi ga tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìrántí ni àkó ń ṣe. Bí ohun tí ère wà fún bá ti yí padà, ìwọ̀n jíjọra rẹ̀ náà a yí padà.

Láti inú èyí ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ yìí ti jáde. Bí àwòrán bá jẹ́ ohun tí ń ránni létí, a jẹ́ pé ìbéèrè tí ó yẹ láti bi ọ̀dà tí ó ń dán ni pé: kí ni ó rántí?

Ohun tí ó wà lára ọ̀dà ọkọ̀

Kí ó tó ṣeé ṣe láti dá fíìmù lẹ́jọ́, ó yẹ láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Lórí irin, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún ni ó kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dà àkọ́kùn tí ń mú ojú irin tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dà tí ó ní àwọ̀. Lókè pátápátá ni ọ̀dà aláìláwọ̀ tí àwọn pẹ́ńtà mọ́tò ń pè ní kílíà. Gbogbo ìpele yìí lápapọ̀ kò nípọn ju nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí ń tàn yinrinyinrin, èérún alúmíníọ́mù tàbí ti máíkà wà nínú ọ̀dà aláwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kọjú sí ibi tirẹ̀ bí dígí kékeré.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ọkọ̀ ń ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ bá kílíà pàdé ó sì padà lójú ẹsẹ̀. Èyí ni ó ń gbé òjìji ojú ọ̀run, ilé àti igi yọ lára ọkọ̀. Ìyókù wọ inú lọ bá àwọ̀ àti èérún, kí ó tó jáde padà ní pupa tàbí ní búlúù. Ibi tí awòran dúró sí ni ó ń pín ipa àwọn méjèèjì. Bí ó bá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè tààrà, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni kílíà ń dá padà, àwọ̀ ọkọ̀ ni yóò sì rí. Bí ó bá wò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bọ́nẹ́ẹ̀tì dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń padà á pọ̀ sí i títí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dígí, tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀run ni yóò rí, kì í ṣe ọkọ̀. Augustin Fresnel, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ni ó ṣe ìṣirò èyí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbà dé ibi tí èyí fi ṣeé ṣe jìn díẹ̀. Ní ọdún 1975, Bui Tuong Phong gbé ìlànà kan jáde tí ó ń fi àmì ìmọ́lẹ̀ funfun sí ara nǹkan kí ó lè dà bí ohun tí ń dán. Ó yá kíákíá, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí wọ́n fi ṣe máa ń jọ ike. Ní 1976, James Blinn àti Martin Newell we àwòrán àyíká mọ́ ara nǹkan kí ó lè dà bí ẹni pé àyíká náà ń hàn lára rẹ̀. Ní 1980, Turner Whitted fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe lè tọpasẹ̀ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan láti ojú awòran lọ sí ara nǹkan, kí ó sì tún tẹ̀lé e lọ sí ibi tí ó bá padà sí. Ní 1982, Robert Cook àti Kenneth Torrance gbé ìlànà tí ó mú kí irin lè yàtọ̀ sí ike jáde.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fò dá. Àmì funfun Phong ń dán, síbẹ̀ kò jọ ojúlówó, nítorí pé dídán rẹ̀ kò ti ibì kankan wá. Kò sí fèrèsé, kò sí òòrùn, kò sí òpó iná tí ó hàn nínú rẹ̀. Ìlọsíwájú tí ó tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ mú kí nǹkan dán sí i. Ó mú kí dídán ní orísun. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ̀dà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí ó wà.

Christine: dídán tí kò ní ìrántí

Christine, tí wọ́n ṣe láti inú ìwé ìtàn-àròsọ Stephen King, bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Detroit ní ọdún 1957. Àwọn Plymouth Fury tò tẹ̀lé ara wọn, àwọ̀ wọn sì jọ ara wọn, àfi ọ̀kan ṣoṣo tí ó pupa. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni fíìmù yìí ta kò: àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó súnmọ́ àwọ̀ ara àgbọ̀nrín ni wọ́n fi kùn Fury ti 1958 láti ilé-iṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀dà ti sọ pé ọkọ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó ti ṣe òṣìṣẹ́ kan léṣe, ó sì ti pa òmíràn.

Ní 1978, Arnie Cunningham, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín, ra ọkọ̀ náà nígbà tí ó ti dógùn-ún tí kò sì jọ nǹkan kan mọ́. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń dán sí i ni Arnie náà ń yí padà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sọ́nà, ìmúra rẹ̀ yàtọ̀, ó ń gbó òbí rẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń jìnnà sí Dennis ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Leigh olólùfẹ́ rẹ̀. Bí dídán ṣe ń gòkè ni ìwà ń wálẹ̀.

Àárín gbùngbùn fíìmù náà ni ìgbà tí Buddy Repperton àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fọ́ ọkọ̀ náà wómúwómú nínú gáréèjì. Arnie dúró níwájú rẹ̀ ní òru, ó ní kí ó fi agbára rẹ̀ han òun, ọkọ̀ náà sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lójú rẹ̀: bọ́ńpà nà, irin tí ó ká kò tẹ́, ọ̀dà pupa padà wá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Christine ni ọ̀bẹ tí ń gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìran náà fi ń dẹ́rù bani ju ìran ìpànìyàn lọ. Yorùbá sì tún ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ohun tí a ti pa lára lè san, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀. Ara Christine kò sọ ohunkóhun. Kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn kí ó ní níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe é léṣe. Nígbà tí àwọn agbófinró bá wá wo ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìpànìyàn, ọ̀dà rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí ó ń jẹ́rìí èké.

Bí wọ́n ṣe ṣe ìran yìí fúnra rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Roy Arbogast àti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń fi agbára omi fa nǹkan sínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà fa ara ọkọ̀ wọnú, kámẹ́rà sì yà á bí ó ṣe ń wó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí fíìmù náà sẹ́yìn, kí wíwó lè di dídìde. Ní àwọn ibì kan, ike tí wọ́n kùn kí ó lè jọ irin lójú kámẹ́rà ni wọ́n lò. Fury gidi sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà àwọn Plymouth mìíràn, Belvedere àti Savoy, ni wọ́n tún ṣe láti dípò rẹ̀. Ohun tí ó so irin àti ike, Fury àti Savoy, pọ̀ di ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo ni ọ̀dà pupa àti funfun. Bí ọ̀dà bá yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì, Christine ti kú nìyẹn.

Èyí já sí pé ohun tí kámẹ́rà rí nínú gáréèjì ni ìpalára gidi. Ohun tí òǹwòran rí ni ìwòsàn. Láti lè fi ojú ara tí kò ní àpá hàn, àwọn oníṣẹ́ ní láti dá àpá sí i ní tòótọ́, kí wọ́n sì yí àkókò fúnra rẹ̀ padà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́rìí sí òwe náà bí ìtàn ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ̀dà fi lè gbàgbé.

Wàyí o, bí ènìyàn bá mú àkójọ Thompson gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdíwọ̀n, Christine ni yóò gba ipò kìíní. Ó ń dán ju gbogbo ohun tí ó yí i ká lọ. Ó wà ní ọ̀dọ́ títí ayé, nítorí pé ọdún 1958 kò kọjá lára rẹ̀. Ó jọ ọkọ̀, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ kan pàtó tí ó jọ nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà tà. Ibi gidi sì ni. Èyí kò fi hàn pé àkójọ náà kò wúlò. Ó fi hàn pé dídán àti ọ̀dọ́ kò lè dá dúró láìsí ìwà tí ń sọ ohun tí wọ́n wà fún.

Cars: òjìji àyíká lára ọkọ̀

Nínú Cars, kò sí ènìyàn rárá. Ọkọ̀ ni olùdíje, ọkọ̀ ni òǹwòran eré, ọkọ̀ ni adájọ́. Nítorí náà ara irin ni awọ, gíláàsì iwájú ni ojú, bọ́ńpà sì ni ẹnu. Ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ kò kéré: bí irin bá tẹ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀, rọ́bà ni yóò dà, bí kò bá sì tẹ̀ rárá, kò ní lè fi ìmọ̀lára hàn. Ọ̀dà ni ó gba wọ́n là. Níwọ̀n ìgbà tí òjìji ojú ọ̀run àti ti ọ̀nà bá ń yí lórí bọ́ńpà bí irin gidi ṣe ń ṣe, ojú òǹwòran yóò gbà pé irin ni, kódà bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Fún ìdí èyí, àwọn oníṣẹ́ Pixar lo ìtọpasẹ̀ ìtànṣán káàkiri fíìmù yìí, ohun tí wọn kò ṣe nínú fíìmù wọn ìṣáájú. Per Christensen, Julian Fong, David Laur àti Dana Batali ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 2006. Àwòrán àyíká tí wọ́n ń we mọ́ nǹkan tẹ́lẹ̀ lè gbé ojú ọ̀run tí ó jìnnà yọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yọ dáradára. Nígbà tí ọkọ̀ méjì bá fara kanra nínú ìdíje, ó yẹ kí ọ̀kan hàn lára èkejì, kí òjìji náà sì máa yí bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ra.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì bá máa kan lámèyítọ́ bí kì í bá ṣe pé fíìmù náà fi ìtumọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ń hàn lára Lightning McQueen ni iná pápá ìdíje àti ìmọ́lẹ̀ àwọn ayàwòrán. Ara rẹ̀ kún fún àmì ilé-iṣẹ́ tí ń gbé e lárugẹ. Iná iwájú rẹ̀ pàápàá kì í ṣe iná. Ìlẹ̀mọ́ lásán ni, nítorí pé orí pápá tí iná wà ni ó ti ń sáré. Ó ń dán, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ó sọnù sí Radiator Springs, ìlú kékeré kan ní ojú ọ̀nà Route 66, eruku bo dídán náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ìran tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí àwọn ará ìlú tan iná aláwọ̀ mèremère tí ó ti kú tipẹ́ sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù wọn, tí gbogbo wọn sì ń rìn gbẹ̀rẹ́ ní alẹ́. McQueen ti ra táyà lọ́wọ́ Luigi, Ramone sì ti fún un ní ọ̀dà tuntun. Lórí ọ̀dà yìí ni iná ilé kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tí àwọn ọkọ̀ sì ń hàn lára ara wọn. Ohun tí ìtọpasẹ̀ ìtànṣán ń sọ níhìn-ín ni pé McQueen ti di ará ìlú. Kò sí ẹ̀dá-ìtàn tí ó sọ ọ́ lẹ́nu. Ara rẹ̀ ni ó gbé ìlú náà dání. Dídán kan náà ni ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìhín bí ó bá jẹ́ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rántí yàtọ̀.

Mater, Doc àti The King: àpá gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgbésí ayé

Ní ìdàkejì McQueen ni Mater wà, ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀, tí ìpáàrà ti bò. Ìpáàrà ṣòroó ṣe lórí kọ̀ǹpútà ju ọ̀dà tuntun lọ, nítorí pé ọ̀dà tuntun rí bákan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ìpáàrà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ti ń dúró, ibi tí ọ̀dà ti kọ́kọ́ bó, àti ibi tí nǹkan ti ń ha á. Ẹni tí ó ń ya ìpáàrà ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ohun tí kò gbé ayé rí. Nínú Cars 2 (2011), nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ojú ibi tí ó tẹ̀ lára Mater ṣe kí wọ́n lè pa á láwọ̀ dà, ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ wà ni ó ti rí i. Kò sí ibi tí èrò à-wò-rántí ti hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀. Lójú Mater, àpá náà ni àwòrán.

Doc Hudson fi ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó gba ife ẹ̀yẹ ní ìgbà mẹ́ta, ó ní ìjàǹbá ní 1954, wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ara rẹ̀ ti san, àwọ̀ búlúù rẹ̀ kò lẹ́bi, síbẹ̀ ọgbẹ́ náà kò sí lára ọ̀dà. Nípa báyìí, fíìmù náà kò sọ pé gbogbo ìrántí ni ó gbọ́dọ̀ hàn sí ojú-ara. Nígbà tí Doc padà sí pápá láti ran McQueen lọ́wọ́, ọ̀dà ìdíje rẹ̀ àtijọ́ ni ó tún gbé wọ̀, kí àwọn tí ó gbàgbé lè rántí.

Ní ìparí, The King, ògbóǹtarìgì tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ṣẹ́ gbókìtì. Ara rẹ̀ ká kò, ọ̀dà rẹ̀ bó. McQueen tí ó kù díẹ̀ kí ó borí dúró, ó padà, ó sì ti The King dé òpin eré. Ohun tí kámẹ́rà fi hàn ni ara pupa tí ń dán tí ó fara ti ara tí ó ti bàjẹ́. Dídán McQueen kò dín kù, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ ó ní ìwà nínú. Ibí yìí ni Cars ti dáhùn ìbéèrè tí Christine fi sílẹ̀.

Ibi tí Cars kù sí

Àléébù fíìmù náà kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé kò sí ọwọ́ nínú ayé rẹ̀. Ramone ni akunkọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ní òógùn, kò ní òórùn ọ̀dà, kò sì ní ewu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣáájú kí ìlú tó sọjí, ara òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kùn nítorí pé kò sí oníbàárà. Fíìmù náà rí ìbànújẹ́ tí ó wà nínú ọ̀bẹ tí ń gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè ẹni tí ń po ọ̀dà. Christine tí ó burú fi òṣìṣẹ́ hàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Cars tí ó kún fún ìfẹ́ kò fi ẹyọ kan hàn.

Èkejì ni pé ìpáàrà Mater jẹ́ ìpáàrà tí kì í jẹ irin. Kò tàn kálẹ̀, kò dá a lára, kò sì ní pa á. Ìrántí tí kò ní ikú nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀ṣọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ Arbogast wó ní tòótọ́ níwájú kámẹ́rà ní ìwúwo tí kọ̀ǹpútà kò tíì lè dá padà.

Ewu kan náà wà nínú irinṣẹ́ ìgbà tí ó tẹ̀lé e. Ní 2012, Brent Burley ti ilé-iṣẹ́ Disney ṣe àlàyé ìlànà kan tí ó kó ìwà ohun-èlò gbogbo jọ sínú nọ́ńbà díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti kílíà, tí ayàwòrán lè fi sí òdo tàbí kí ó gbé e dé 1. Ìlànà náà dára, ó sì ti tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lè sọ bí nǹkan ṣe dán tó. Kò lè sọ ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án lánàá. Èyí ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ fi ojú-inú wá: ìka ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, eruku nínú ihò àmì, ojú kílíà tí ó rí wúruwùru bí èèpo ọsàn níbi tí wọ́n ti tún un kùn.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ọ̀dà ọkọ̀ ń di ojúlówó nínú fíìmù nípa ẹ̀rí méjì: ẹ̀rí ibi tí ó wà, èyí tí òjìji ń gbé yọ, àti ẹ̀rí ohun tí ó ti là kọjá, èyí tí àpá ń gbé yọ. Ìlọsíwájú láti ọ̀dọ̀ Phong dé Cars jẹ́ ìlọsíwájú nínú ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ẹ̀rí kejì kò sí lọ́wọ́ ìṣirò. Ọwọ́ ayàwòrán àti ojú-inú rẹ̀ ni ó wà. Ohun tí ó mú kí Christine jẹ́ ibi ni pé ó kọ ẹ̀rí kejì sílẹ̀ pátápátá.

Fún ìmọ̀ iṣẹ́-ọnà Yorùbá, àbájáde rẹ̀ ni pé kò yẹ kí dídán máa dá dúró nínú àkójọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìjọ̀lọ̀ ojú-ara ni. Inú àwòrán ni ilé rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá ní èrò ère onígi kò kan fíìmù Amẹ́ríkà yóò rí i pé, láìsí àwọn èrò wọ̀nyí, ó ṣòro láti sọ ìdí tí ọkọ̀ méjì tí ó pupa tí ó sì ń dán bákan náà fi jẹ́ ọ̀kan ẹni ibi, èkejì ẹni rere.

Iṣẹ́ kù nílé. Nínú Aníkúlápó (2022) tí Kúnlé Afọláyan darí, ẹyẹ Àkàlà tí ó gbé ìtàn ró jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi ìyẹ́ ẹyẹ náà kò yàtọ̀ sí èyí tí iṣẹ́ yìí bi bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìmọ́lẹ̀ ibo ni ó ń tàn lára rẹ̀, kí sì ni ojú rẹ̀ ti rí? Bí àwọn lámèyítọ́ Yorùbá bá ń bi àwọn ayàwòrán wa ní irú ìbéèrè báyìí, wọn yóò lè sọ fún wọn, ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́, ibi tí iṣẹ́ ti péye àti ibi tí ó ti ń dán lásán.